Ọdún Tí A Ti Ilẹ̀kùn Ilé-Ìwé Wa

Ọ̀rọ̀ tí àwa olùkọ́ àti òbí ilé-ìwé àwọn ọmọ wa ní Sábọ́ngàrí, Kánò, sọ níwájú ìpàdé gbogbogbòò ẹ̀ka ẹgbẹ́ yìí

  

Nígbà tí Akọ̀wé kọ̀wé sí wa pé kí a wá bá ìpàdé yìí sọ̀rọ̀ nípa ilé-ìwé, a jókòó, a gbèrò. Ọ̀rọ̀ òrùlé wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ àga àti tábìlì wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé kò sì lópin. Ṣùgbọ́n a fohùn ṣọ̀kan pé ọdún 2020 ni a ó bá yín sọ, ọdún tí àrùn Kòrónà mú kí a ti ilẹ̀kùn ilé-ìwé wa.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ nínú ọkàn wọn pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Wọn kò jẹ̀bi. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti kéde ní ọjọ́ 5 oṣù Máyù 2023 pé àrùn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. A ti bọ́ ìbòmú sọnù, a sì ti ń bọ ara wa lọ́wọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ènìyàn wa, àwọn ọmọ ọdún náà kò tíì kúrò lọ́wọ́ wa. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ A, B, D nígbà tí a ti ilẹ̀kùn ni wọ́n ti dàgbà di ẹni tí ń wọ ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì. Bí wọ́n ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ohun tí wọ́n pàdánù lọ.

Ohun tí a mú wá kò ju ẹyọ kan lọ. Òun ni pé ṣíṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé kò tó láti mú ọmọ padà. Àfi bí ẹnì kan bá jáde lọ wá a. Ohun tí ọdún náà kọ́ wa nìyẹn, a sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí gbé e dání kí ọjọ́ mìíràn tó dé.

Bí ó ti bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 27 oṣù Fẹ́búárì 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn ní Èkó pé àrùn náà wà lára ọkùnrin ará Ítálì kan tí iṣẹ́ gbé wá sí ilẹ̀ wa. Òun ni a kọ́kọ́ mọ̀ ní Nàìjíríà. Èkó jìnnà sí Kánò, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń sọ ní ọjà pé àrùn àwọn tí ń wọ ọkọ̀ òfuurufú ni. Ní ọjọ́ 11 oṣù Máàsì, Àjọ Ìlera Àgbáyé pè é ní àjàkálẹ̀ àrùn gbogbo ayé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ní ọjọ́ 18, àwọn gómìnà ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Àríwá pinnu pé kí gbogbo ilé-ìwé wọn di títì láti ọjọ́ 23 oṣù náà, fún ọgbọ̀n ọjọ́.

Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n pè é. A ní kí àwọn ọmọ kó ìwé wọn lọ sílé, kí wọ́n máa kà á, kí wọ́n má ṣe fi gbogbo ọjọ́ ṣeré. Wọ́n hó yèè bí ẹni tí a fún ní ọlidé tí kò retí. Ọmọdé ni wọ́n. A kò sì lè dá wọn lẹ́bi, nítorí àgbà pàápàá kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ọjọ́ àti oṣù tí a kọ sí ojú pátákó ní ìdájí ọjọ́ tí a kọ́ wọn kẹ́yìn, àwa fúnra wa ni a bá a níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, tí eruku ti bò ó.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Épírì, àjọ WAEC kéde pé ìdánwò tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 kò ní wáyé mọ́, wọn kò sì dá ọjọ́ mìíràn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Épírì, ìyẹn Sátidé tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ Àjíǹde, a gbọ́ pé a ti rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn náà ní Kánò. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, kónílé-ó-gbélé ti dé. Ní ọjọ́ 27 oṣù kan náà, Ààrẹ tún pàṣẹ pé kí gbogbo Kánò wà ní títì pa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwẹ̀ Ràmàdáánì ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Àwa onígbàgbọ́ ti ṣe Àjíǹde nínú ilé. Àwọn mùsùlùmí náà ń ṣínu nínú ilé.

Ẹ rántí bí ikú ṣe ń já láwùjọ wa ní oṣù náà. Ní oṣù Júùnù, Mínísítà Ètò Ìlera sọ pé ikú 979 ni wọ́n kà sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ 8 tí ó wà láàrin ìlú Kánò, ó sì ṣeé ṣe kí ìdajì wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ ọwọ́ àrùn Kòrónà. Àwọn bàbá àti ìyá tí ń san owó ilé-ìwé wà nínú àwọn tí a sin ní àkókò náà. Ẹ jẹ́ kí a dákẹ́ díẹ̀ nítorí wọn. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ó dé bá. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tó bílíọ̀nù 1.6, ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 190, ni ẹ̀kọ́ wọn dàrú ní ọdún náà. Ṣùgbọ́n ti àwa tí a wà ní àjò ní ohun tirẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ka ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì léèwọ̀, wọn kò sì gbé òfin náà kúrò títí di ọjọ́ 1 oṣù Júláì. Ẹni tí òbí rẹ̀ kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ọ̀fà kò lè lọ sin ín. Orí fóònù ni ó ti sunkún. Ìyá tí ó ti rán ọmọ rẹ̀ lọ sílé kí wàhálà tó le, pé kí ó lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, kò rí ọmọ náà mọ́ fún oṣù mélòó kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀kùn wà ní títì

Ìjọba ìpínlẹ̀ púpọ̀ gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ó dára bẹ́ẹ̀, a kò sì lè sọ pé kò wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ilé wa ti rí ní Sábọ́ngàrí. Yàrá kan fún ìdílé kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan fún gbogbo ilé, iná mànàmáná tí ń wá nígbà tí ó bá wù ú. Ní wákàtí tí olùkọ́ orí rédíò ń ka ìṣirò, ìyá ń ta ata níwájú ilé, ọmọ ọwọ́ ń ké, àwọn aládùúgbò ń jiyàn lórí iye ènìyàn tí ó kú ní àná. Àwọn ilé-ìwé olówó ń kọ́ ọmọ wọn lórí fóònù. Ní ilé tiwa, fóònù kan ni ó sábà máa ń wà, ọwọ́ bàbá ni ó sì wà. Owó tí à bá fi ra dátà fún ọ̀sẹ̀ kan lè ra gàrí tí ìdílé yóò jẹ.

Ọ̀nà tí a rí ni pé kí a padà sí ìwé àti gègé. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sórí ìwé, a sì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá aláàtẹ tí ó wà ní ìkángun òpópó kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ tí ìjọba bá yọ̀ǹda kí a jáde ra oúnjẹ, ìyá ọmọ tí ó wá ra iyọ̀ àti màgí yóò gba iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì fi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá sílẹ̀. Àwọn ìyá aláàtẹ yìí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Púpọ̀ nínú wọn kò lè ka ohun tí wọ́n ń bá wa pín, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọmọ tí ìwé rẹ̀ ti wà lórí àtẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà á. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa pé, "Tíṣà, ẹ lọ wo ilé lágbájá, mi ò rí wọn mọ́." Ibẹ̀ ni ojú wa ti là sí ohun tí a wá sọ lónìí.

A gbọ́dọ̀ sọ ti olùkọ́ pẹ̀lú. Olùkọ́ ìjọba ń gba owó oṣù rẹ̀. Olùkọ́ ilé-ìwé bí irú tiwa, owó tí òbí bá san ni ó ń jẹ. Bí ilé-ìwé bá ti wà ní títì, tí ọjà Kwari àti ọjà Sábọ́ngàrí náà sì wà ní títì, níbo ni òbí yóò ti rí owó? Ọ̀kan nínú wa ń din ẹ̀pà tà. Òmíràn ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ rán ìbòmú. Òmíràn gba oko lọ, kò sì padà sí iṣẹ́ olùkọ́ títí di òní. Ẹgbẹ́ yìí pín ìrẹsì àti gàrí fún wa lẹ́ẹ̀mejì ní àkókò náà. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó o lẹ́rù lọ ni. A dúpẹ́.

Ìwé orúkọ

Ní oṣù Júláì, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC di ẹ̀rù sí wọn lọ́kàn. Ní ọjọ́ 8, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ sọ pé àwọn ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ kò ní ṣe é. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba yí ìpinnu padà. Ọjọ́ 4 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ni a ṣí ilé-ìwé fún kíláàsì àṣekágbá, ìdánwò sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ọmọ fi múra sílẹ̀ fún ohun tí ó ti gbàgbé láti oṣù Máàsì. Wọ́n jókòó ní jíjìnnà síra, wọ́n bo imú, òógùn ń kán sórí ìwé ìdánwò. A yìn wọ́n, nítorí iṣẹ́ akin ni wọ́n ṣe.

Àwọn kíláàsì yòókù wọlé ní oṣù Ọ̀kítóbà. Ní àárín oṣù Dìsẹ́ńbà, ìjọba tún ti ilé-ìwé, nítorí pé àrùn náà tún ń gbèèràn. Ọjọ́ 18 oṣù Jánúárì 2021 ni a tún ṣí i.

Ní oṣù Ọ̀kítóbà náà, a mú ìwé orúkọ, a bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ. A pe orúkọ kan, ó dáhùn. A pe èkejì, kíláàsì dákẹ́. A pe ẹ̀kẹta, ọmọ kan láti ẹ̀yìn ní, "Wọ́n ti lọ sílé, sà." Kò sí kíláàsì tí kò ní àyè òfo. Ó rọrùn láti kọ "kò wá" sí iwájú orúkọ, kí a sì máa bá ẹ̀kọ́ lọ. Ó rọrùn láti gbà pé òbí tí ó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ yóò mú un wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ìyá aláàtẹ kò kúrò létí wa.

Nítorí náà, a pín Sábọ́ngàrí ní òpópó-òpópó. Olùkọ́ kan àti ìyá ẹgbẹ́ kan ni ó ń jáde pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú orúkọ àwọn ọmọ tí a ń wá. A ní kí ìyá ẹgbẹ́ máa bá olùkọ́ lọ, nítorí bí òbí tí ó jẹ owó bá rí olùkọ́ lókèèrè, ó lè gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí ìyá tí wọ́n jọ ń ṣe ìpàdé, yóò fún un ní àga.

Ohun tí a rí kò jọ ohun tí a ti ń rò. A ti ń rò pé ìdí kan náà ni yóò jẹ́. Ìdí náà tó mẹ́rin, oògùn ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀.

Àwọn àkọ́kọ́ ni àwọn ọmọ tí ó wà nílé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìlọrin, ní Òṣogbo, ní Ìwó. Ọ̀nà ti ṣí, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ti gbówó lórí, òbí kò sì ní in. Ìyá ìyá wọn ti ń lò wọ́n fún iṣẹ́ ilé àti oko. Kò sí ẹni tí ó kọ̀wé sí ilé-ìwé kankan nílé pé kí wọ́n gbà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sí lórí ìwé wa mọ́. Ọmọ tí kò sí lórí ìwé orúkọ Kánò, tí kò sí lórí ti Ògbómọ̀ṣọ́, ìwé ta ni ó wà?

Àwọn kejì ni àwọn ọmọkùnrin tí ó ti tọ́ owó wò. Ọ̀kan ń ti bárò ní ọjà, òmíràn wà ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ó ń mú owó wálé lójoojúmọ́, tí ìyá rẹ̀ sì ń fi owó náà se ọbẹ̀, ó ṣòro láti pàṣẹ fún un pé kí ó padà wá jókòó sórí àga. A bá ọ̀gá mẹkáníìkì náà sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ti ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ó ní òun fúnra òun kò lè ka ìwé tí ó bá mọ́tò wá láti òkè òkun, pé kí ọmọ náà máa lọ sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀, kí ó máa wá sí ṣọ́ọ̀bù bí aago méjì bá lù. Bí ó ti rí nìyẹn títí ó fi parí.

Àwọn kẹta ni àwọn ọmọbìnrin. Àwọn kan ń kiri ọjà. A bá ọmọ kan tí ó ti lóyún. Ìyá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ìtìjú ni kò jẹ́ kí ó sọ fún ẹnikẹ́ni. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a kọ́gbọ́n lára àwọn ará Sàró. Nígbà tí àrùn Ẹ̀bólà ti ilé-ìwé wọn ní 2014, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin wọn lóyún nínú ilé. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé-ìwé ní oṣù Épírì 2015, ìjọba wọn sọ pé aboyún kò gbọdọ̀ bá àwọn yòókù jókòó. Ó di oṣù Dìsẹ́ńbà 2019 kí ilé-ẹjọ́ ECOWAS tó sọ pé òfin náà kò tọ́, oṣù Máàsì 2020 ni wọ́n sì fagi lé e. Ọdún márùn-ún gbáko! Ọmọ tí a lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún ti di ẹni ọdún mọ́kànlélógún kí wọ́n tó ní kí ó máa bọ̀. Àwa kò dúró de ilé-ẹjọ́. A sọ fún ìyá ọmọ wa pé kí ó bímọ, kí ó fún un lọ́mú, kí ó sì padà wá. Ó padà wá. Ìyá rẹ̀ ni ó ń tọ́jú ọmọ náà.

Àwọn kẹrin ni àwọn tí bàbá tàbí ìyá wọn ti kú, àti àwọn tí wọ́n jẹ owó ilé-ìwé ṣáájú kí àrùn tó dé, tí ojú ń tì wọ́n. Fún wọn, ọ̀rọ̀ kan péré ni ó tó: pé ẹnikẹ́ni kò ní lé ọmọ jáde nítorí gbèsè ọdún náà. Ó yà wá lẹ́nu bí iye ọmọ tí ọ̀rọ̀ kan péré yìí mú padà ti pọ̀ tó. Wọn kò lọ jìnnà. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n wà, wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò ní kí wọ́n wọlé.

A kò rí gbogbo wọn. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn orúkọ kan wà nínú ìwé náà tí a kò tíì mọ ibi tí àwọn tó ni wọ́n wà di òní.

Àwọn tí ó padà

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ó dára, ẹni tí ó padà ti padà nìyẹn, kí ni ó tún kù?" Ohun tí ó kù pọ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Ọ̀kítóbà 2005, ilẹ̀ mì tìtì ní àríwá Pakistan, ó sì wó ọ̀pọ̀ ilé-ìwé. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi wà nílé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, àwọn onímọ̀ lọ wò wọ́n. Àwọn ìdílé ti tún ilé wọn kọ́, owó ti padà sọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó wà nítòsí ibi tí ilẹ̀ ti mì fi nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ wà lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá di ọdún kan àbọ̀. Kí ló fà á? Nígbà tí ọmọ padà, olùkọ́ gbé ìwé tuntun, ó ń bá ẹ̀kọ́ ọdún náà lọ, ọmọ tí kò mọ ti àná kò sì lè mọ ti òní. Lójoojúmọ́ ni ó ń fà sẹ́yìn sí i. Àwọn onímọ̀ náà tún rí i pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò fà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi wá pé kí ni ìwé yóò ṣe fún ọmọbìnrin, ẹ gbọ́ ìdáhùn yín.

Àwa kò lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Oṣù mẹ́fà ó lé ni a lò. Ìwádìí ti ọdún 2021 ní Nàìjíríà fi hàn pé nínú ọmọ 4 tí ó wà láàrin ọdún 7 sí 14, àwọn 3 ni kò lè ka ọ̀rọ̀ kúkúrú kí ó yé wọn. Kì í ṣe Kòrónà nìkan ni ó fa èyí, ṣùgbọ́n Kòrónà bá iná nílẹ̀, ó sì da epo sí i.

Ní ilé-ìwé wa, a ṣe ohun kan tí àwọn òbí kan bínú sí ní ìbẹ̀rẹ̀. Fún wákàtí kan ní òwúrọ̀, a kò wo ọjọ́ orí ọmọ, a kò wo kíláàsì tí ó wà. Ẹni tí kò mọ lẹ́tà jókòó pẹ̀lú àwọn tí kò mọ lẹ́tà. Ẹni tí ó lè ka gbólóhùn jókòó pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ará Íńdíà ti lo irú ọ̀nà yìí fún ọdún pípẹ́, ó sì ti ṣe wọ́n lóore. Bàbá kan bi wá pé kí ló dé tí ọmọ òun tí ó wà ní Pírámárì Kẹrin ń bá ọmọ Pírámárì Kejì jókòó. A fi ìwé lé ọmọ náà lọ́wọ́ níṣojú rẹ̀, a ní kí ó kà á. Bàbá náà kò tún bi wá léèrè mọ́. Nígbà tí ọdún yóò fi parí, ọmọ náà ti ń ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ yìí fún un.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ìrírí tí a kò bá kọ sílẹ̀, tí a kò sì fi nǹkan tì lẹ́yìn, gbígbàgbé ni a ń gbàgbé rẹ̀. Àwọn bàbá wa rí irú èyí. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé ọ̀fìnkìn líle kan dé Èkó, èyí tí wọ́n pè ní lùkúlùkú. Ojú irin rélùwéè tí ó ti dé Kánò ní 1911, èyí tí ó gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá síbí, ni àrùn náà tọ̀ wọ inú ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó kú ní Nàìjíríà láàrin oṣù díẹ̀. Ní 2014, Ẹ̀bólà dé Èkó. Bí kì í bá ṣe ìgboyà àwọn bíi Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tí ó fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i, Ọlọ́run nìkan ni ó mọ ibi tí ìbá dé. Ọjọ́ ìwọlé ilé-ìwé yẹ̀ ní ọdún náà pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni 2020. A kò gbàdúrà pé kí òmíràn dé, ṣùgbọ́n bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ní ọrọọrún.

Nítorí náà, a ń bẹ ìpàdé yìí pé kí ó fọwọ́ sí ohun mẹ́rin.

Èkíní, ìwé orúkọ tuntun. Kí a kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, òpópó rẹ̀, nọ́ńbà fóònù òbí rẹ̀, àti nọ́ńbà ìbátan kan ní ìlú rẹ̀ nílé. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ Akọ̀wé ẹgbẹ́. Bí ilé-ìwé bá tún ti, a ó mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí wá ọmọ wa, bí ó wà ní Kánò, bí ó wà ní Ìwó.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn méjì ní òpópó kọ̀ọ̀kan, ìyá kan àti bàbá kan, tí yóò máa bá wa béèrè ọmọ tí ó bá pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ. Ẹ má dúró de àjàkálẹ̀ àrùn. Ọmọ tí ó ń sọnù lọ́dún tí ara yá, bákan náà ni ó ṣe ń sọnù.

Ẹ̀kẹta, àpótí owó fún àwọn olùkọ́, tí a kò ní ṣí àfi bí ilé-ìwé bá wà ní títì ju oṣù kan lọ nípa àṣẹ ìjọba. Kí ènìyàn mẹ́ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀: ẹgbẹ́, òbí, àti olùkọ́. Olùkọ́ tí ebi lé lọ sí oko kò ní padà nítorí pé a lu aago.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn tí ó mọ̀wé nínú wa máa fi ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀ jókòó pẹ̀lú ọmọ kan, kí wọ́n gbọ́ ọ bí ó ti ń kàwé. Kò gba owó. Etí àti sùúrù ni ó gbà.

A mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé owó kò sí. Òótọ́ ni, owó ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n a kì í ṣe ọdún kí a má dá aṣọ ẹgbẹ́. Bí a bá lè yọ owó ìdá aṣọ kan ṣoṣo ní ọdún méjì sínú àpótí yìí, yóò kún dé ibi tí kò ní dójú tì wá. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, yálà ní Kánò yìí tàbí nílé.

Àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Olùkọ́ nìkan kò lè ṣe é, òbí nìkan kò lè ṣe é. Ìwé orúkọ náà wà lórí tábìlì Akọ̀wé báyìí. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ọmọ, tàbí tí ó mọ ọmọ kan ní òpópó rẹ̀ tí kì í lọ sí ilé-ìwé, kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó lọ sílé lónìí. Àwọn olùkọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ ìbẹ̀wò ní ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀, a sì ń retí àwọn tí yóò bá wọn lọ.

Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ wa. Kí Ó má jẹ́ kí a rí irú ọdún náà mọ́.